Owó Tí Ẹsẹ̀ Ń Bá Ni Pa Mọ́

   Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe jẹun ní Ìkòtún, èmi náà sì ni akọ̀wé owó ilé Ifá wa. Ọdún kẹrìnlá rèé tí ìwé owó náà ti wà lọ́wọ́ mi. Bàbá wa àgbà ló fi jìn mí. Wọ́n ní ẹni tí kì í ṣi aṣọ wọ̀n kò ní ṣi owó kà. Mo ti ṣi aṣọ wọ̀n rí, ṣùgbọ́n n kò sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, inú ìwé owó yẹn ló ti jáde.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, mo jókòó láti ṣe àròpọ̀, mo bá ń ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn. Ní ọdún 2012, ojú ewé kan péré ló tó fún gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí a ṣe fún aláìsàn láàárín ọdún. Ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà, ọdún Ifá, ìwọ̀nyẹn ló ń gba ìwé nígbà náà. Ní ọdún tó kọjá, ìrànlọ́wọ́ aláìsàn nìkan gba ojú ewé mẹ́fà, ibà tó wà níbẹ̀ kò sì ju ẹyọ méjì lọ. Ohun tó kún ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, rọpárọsẹ̀, kíndìnrín. Àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ kì í sì í ṣe arúgbó. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọgọ́ta ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnì kan nínú wọn. Ó ti fún mi láyè láti sọ ọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni n kò ní dá. Awakọ̀ dánfó ni, Ìyànà-Ìpájà sí Ìkòtún ló ń ná. Ọkọ̀ tirẹ̀ ni, ó ti san gbèsè orí rẹ̀ tán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní yunifásítì, ọdún kejì. Aago márùn-ún ìdájí ló máa ń jókòó sídìí ọkọ̀, ó sì máa ń di aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó dìde, àfi tó bá fẹ́ tọ̀ tàbí tó fẹ́ bá agbèrò jà. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Ó lo oògùn fún oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ balẹ̀, ó dá a dúró. Ní Sátidé kan, ó fẹ́ na ọwọ́ gba ṣéńjì, ọwọ́ kò lọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni.

Ẹ wá wo bí owó ṣe ń jáde. Oṣù kìíní, àwọn ẹbí san ti ilé ìwòsàn. Oṣù kejì, àwa ẹgbẹ́ dáwó. Oṣù kẹrin, wọ́n ta ọkọ̀; ẹni tó rà á mọ̀ pé ìṣòro ló ń ta ọjà, iye tó wù ú ló san. Oṣù kẹfà, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Ìkòtún kó ọjà rẹ̀ sílé, torí kò sẹ́ni tí yóò máa gbé ọkọ rẹ̀ dìde lọ́sàn-án. Ọmọ kúrò ní yunifásítì. Nínú gbogbo rẹ̀, owó oògùn ló kéré jù, ẹ gbọ́ o. Owó tí kò wọlé mọ́ ló tóbi jù. Mo kọ èyí tó kan ẹgbẹ́ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú ìwé mi tí mo lè kọ owó tí kò wọlé sí.

Ẹ má rò pé mò ń fi ẹlòmíràn ṣe àpẹẹrẹ kí n lè bo tèmi. Ní ọdún 2022, mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Ẹgbẹ́dá, òkè kẹta nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kí n tó débẹ̀, mo ti jókòó lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì, agbádá ọkùnrin yẹn lórí itan mi bí ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ilé náà, òun ló wọ̀n mí: 178 lórí 104. Ó tún un wọ̀n torí ó rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó kọ oògùn méjì fún mi, ó ní kí n sì máa rìn. Oògùn ni mo gbọ́. Ti ìrìn yẹn, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ pé "ẹ bá mi kí ilé o" ni mo kà á sí.

Oògùn méjèèjì kò tó ₦4,000 lóṣù nígbà náà. Ní ìparí Oṣù Karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Ní Oṣù Kẹfà, náírà já wálẹ̀ lójú dọ́là. Ní Oṣù Kẹjọ, ilé iṣẹ́ GSK tí a ti ń ra oògùn wọn láti ìgbà èwe wa kéde pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi náà ní àwọn kò ní máa ta oògùn fúnra àwọn níbí mọ́. Ẹni tó ń ra oògùn lásìkò yẹn kò nílò kí n ṣàlàyé. Tèmi kúrò ní ₦4,000, ó di ₦11,500.

Mo fi ẹfun aránṣọ ṣe ìṣirò náà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. 11,500 lọ́nà 12, ó jẹ́ ₦138,000 lọ́dún. Ẹni ọdún 56 ni mí nígbà náà. Bí Olódùmarè bá fún mi ní ogún ọdún sí i, 138,000 lọ́nà 20, ó di ₦2,760,000. Ìyẹn tí owó oògùn kò bá kúrò níbi tó wà, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ti ń fojú sọ́nà fún láti ọdún pípẹ́ ni mò ń gbé mì lójoojúmọ́ pẹ̀lú omi yẹn.

Ìyẹn ni ti ẹni tí oògùn bá mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró o. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá sì kọṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ní kó wá fọ ẹ̀jẹ̀. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn dín owó rẹ̀ kù ní àwọn ilé ìwòsàn wọn kan, láti ₦50,000 sí ₦12,000 lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ọ̀hún: 12,000 lọ́nà mẹ́ta, lọ́nà ọ̀sẹ̀ 52, ₦1,872,000 lọ́dún ni. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2024 jẹ́ ₦85,000, tó jẹ́ ₦1,020,000 lọ́dún. Gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ náà kò ká a, kò tíì jẹun, kò tíì wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní orílẹ̀-èdè yìí, nínú ₦100 tí a bá ná sórí ìwòsàn, ó lé ní ₦70 tó ń jáde tààrà látinú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera ti wà láti ọdún 2022, Èkó náà ní ILERA EKO tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wọ̀ ọ́, kó lọ bi wọ́n léèrè. Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Àbúrò ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni ní London, òun ló sọ ìtàn kan fún mi lórí fóònù tí n kò fi sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní dókítà kan wà ní ìlú wọn, Jerry Morris, tó fẹ́ mọ ìdí tí àrùn ọkàn fi ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ogun Hitler. Ó lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì London, àwọn bọ́ọ̀sì alájà méjì yẹn. Awakọ̀ wà níbẹ̀, kọ́ńdọ̀ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ kan náà, èéfín kan náà, ọ̀gá kan náà, irú àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ohun tó yàtọ̀ ni pé awakọ̀ ń jókòó, kọ́ńdọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ sókè sódò láti gba owó, ìgbésẹ̀ tó lé ní 500 lójúmọ́. Ní ọdún 1953 ó tẹ ohun tó rí jáde: àrùn ọkàn ń mú àwọn awakọ̀ ju kọ́ńdọ̀ lọ dáadáa, tó bá sì mú kọ́ńdọ̀, kì í tètè pa á bíi ti awakọ̀. Ó tún wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, bákan náà ló rí: àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn pín lẹ́tà sàn ju àwọn tó jókòó ti tábìlì.

Ibi tó ti mú mi gan-an, torí aránṣọ ni mí, ni pé ní ọdún 1956 ọkùnrin yìí lọ ka ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún wọn. Ti àwọn awakọ̀ ló fẹ̀ jù. Mo ti ń rán aṣọ fún awakọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, mo ti ń tú ìdí ṣòkòtò wọn fẹ̀ lọ́dọọdún, n kò sì fọkàn sí i rí pé nǹkan kan ń bá mi sọ̀rọ̀. Morris fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2009.

Mo rántí ọ̀rẹ́ wa tó wà lórí ẹní. Kọ́ńdọ̀ rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń fò gorí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó ń fò kúrò, koko lara rẹ̀ le títí di òní.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Àwọn onímọ̀ kan, tó fi mọ́ àwọn dókítà Ìbàdàn, wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí orísun wọn jẹ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, láti ilẹ̀ Yorùbá níbí, Kamẹrúùnù, àwọn erékùṣù Karíbíà, títí dé Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èèyàn 16 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Karíbíà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Àwọn ọmọ baba kan náà ni, àwọn tí wọ́n kó lọ sí oko ẹrú, àtàwa tó kù sílé. Ara sísan àti iyọ̀ wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa tó kù sílé ti ń wọkọ̀ tẹ̀ lé wọn báyìí, láìkúrò ní Alímọ̀ṣọ́.

Ẹ wò ó ná. Nígbà tí mo dé Ìkòtún, kànga la ti ń fa omi. Lónìí bọ́tìnnì la ń tẹ̀, a sì ń ra epo sí ẹ̀rọ. Iyán, inú odó la ti ń gún un. Lónìí, ìyẹ̀fun inú ọ̀rá la ń rò. Láti ilé mi dé ṣọ́ọ̀bù kò gba ẹsẹ̀ ju bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kẹ̀kẹ́ ni mo ń wọ̀ lọ, kẹ̀kẹ́ ni mo ń wọ̀ bọ̀, ₦300 lọ, ₦300 bọ̀. A sanwó kí ara wa má baà ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà a tún sanwó fún ilé ìwòsàn nítorí pé ara kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la ń san án.

Oṣù Kejìlá 2023 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú tì mí. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó mọ̀ mí ń dúró: "Alàgbà, ṣé kò sí o?" Wọ́n rò pé owó ló tán. Ọ̀kan tiẹ̀ fẹ́ gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá wa tó ń ta ewé àti egbò ní ọjà Ìkòtún, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ṣì ń gbé agbọ̀n ewé sórí, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ ń rìn láìru nǹkan kan? Kí wá ni ẹ ń rìn fún?"

Kí n má parọ́, kì í ṣe ìrìn nìkan ni mo ṣe. Mo dín iyọ̀ kù. Ẹ̀yin Ọlọ́bàtálá nínú wa mọ oúnjẹ àtẹ́ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní òun kò fẹ́ ọlọ́bàtálá, aránṣọ lòun fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà láti dín in díẹ̀díẹ̀. Mo sì ń lo oògùn mi láìfo ọjọ́ kan.

Ní Oṣù Kejì ọdún 2025, ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 132 lórí 82. Dókítà yọ oògùn kan nínú méjì. Dókítà ló yọ ọ́ o, kì í ṣe èmi. Ẹni tó bá torí ìrìn tàbí torí àgbo dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, kó rántí ọ̀rẹ́ wa àti ọwọ́ tó fẹ́ fi gba ṣéńjì. Àwa tí ewé wà lọ́wọ́ wa ló yẹ ká mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí oníṣègùn gidi kì í pa oògùn méjì pọ̀ láìbèèrè ohun tí aláìsàn ti ń lò.

Owó ńkọ́? Oògùn méjèèjì ti di ₦14,000 lóṣù nígbà náà. Ẹyọ kan tó kù jẹ́ ₦6,000. Mo jèrè ₦8,000 lóṣù, ₦96,000 lọ́dún. Kẹ̀kẹ́ tí n kò wọ̀ mọ́, ₦600 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ₦180,000. Àpapọ̀, ₦276,000. Ẹnu yà mí pé owó kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó oògùn. Ẹ yọ bàtà kan kúrò níbẹ̀ lọ́dún, ₦15,000 ní òkìrìkà. N kò tíì ka àwọn ọjọ́ tí mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù torí orí fífọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ méjì lóṣù. Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tì í nítorí àìsàn. Àjọ ni mò ń da owó náà sí.

Mo fi ìṣirò yìí han àna mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì. Ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé nǹkan kan. Ẹni tó bá pẹ́ láyé ni yóò ná owó jù. Ẹni tó kú ní ọgọ́ta kò ra oògùn ní àádọ́rin." Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Netherlands ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní 2008. Wọ́n rí i pé tí a bá ka owó ìwòsàn láti ọmọ ogún ọdún títí di ọjọ́ ikú, ti àwọn tó sanra jù àti àwọn tó ń mu sìgá kéré ju ti àwọn tí ara wọn le lọ, torí àwọn wọ̀nyẹn kì í pẹ́.

Ìdáhùn mi rèé, ẹ fi ìwọ̀n tiyín wọ̀n ọ́n. Ibẹ̀ yẹn, ìjọba àti ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ń ṣírò ohun tí wọn yóò san. Àwa níbí, ilé la ń ṣírò. Ilé kì í wo owó tó jáde nìkan, ó ń wo ti èyí tó wọlé pẹ̀lú. Ìyá ẹlẹ́wé yẹn ti lé ní ọgọ́rin, wọ́n ṣì ń mú owó wọlé lójoojúmọ́, wọ́n ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ kan. Ọ̀rẹ́ wa kò tíì pé àádọ́ta nígbà tí owó tirẹ̀ dúró. Ó sì wà láàyè. Ó lè wà láàyè fún ọgbọ̀n ọdún sí i, a sì ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò àna mi, ikú ló ń dín owó kù. Èyí tí a ń rí ní Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe ikú, ìdùbúlẹ̀ ni, ìdùbúlẹ̀ sì ń jẹ owó èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti ẹni tó dùbúlẹ̀ àti ti ẹni tó ń gbé e dìde. Àna mi ní òun ti gbọ́. N kò mọ̀ bóyá ó gbà.

Ẹ̀yin tí ṣúgà yín kò tíì wọ ojú àrùn ṣùgbọ́n tí wọ́n ti ní ó ń gòkè, tiyín tún dùn jù. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín àwọn èèyàn tó lé ní 3,000 tó wà nírú ipò yẹn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Àwọn tó ń fúnra wọn rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì dín sísanra kù díẹ̀, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà láàárín wọn fi ìdá 58 nínú 100 dín sí ti àwọn tí kò gba ìtọ́jú gidi kankan. Àwọn tó lo oògùn metformin, ìdá 31 ni tiwọn. Ẹsẹ̀ ju oògùn lọ níbẹ̀ yẹn, kò sì sí kẹ́míìsì tó ń ta ẹsẹ̀.

150 ìṣẹ́jú yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ méje. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ó ṣòro fáwọn láti rántí. Mo ní kí a gbé e sórí ọ̀sẹ̀ tiwa ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Ẹ rìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní Ọjọ́ Awo, ọgbọ̀n ní Ọjọ́ Ògún, ọgbọ̀n ní Ọjọ́ Jàkúta, kí ẹ sinmi ní Ọjọ́ Ọbàtálá. Nínú ọjọ́ 28, ọ̀sẹ̀ tiwa méje ló wà níbẹ̀: 90 lọ́nà méje, 630. Ti àwọn àjọ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́nà 150, 600. A fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú jù wọ́n lọ. Ẹ má sọ pé Ifá ló wí bẹ́ẹ̀ o. Èmi aránṣọ ló wí. Ìrìn tí mò ń sọ, èyí tí ẹ lè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn ijó, kó jó bàtá. Ẹni tó bá ti jó bàtá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní bi mí bóyá eré ìdárayá ni. Ẹni tí àyà máa ń dùn tó bá ń rìn, tàbí tí ojú ń ṣú, kó kọ́kọ́ rí dókítà kó tó wọ bàtà.

Ní ti ọ̀nà, mo mọ àdúgbò wa. Kò sí ibi ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ títì, gọ́tà sì ń ya ẹnu sílẹ̀ de èèyàn. Àwa kì í bọ́ sí títì ńlá Ìkòtún sí Ìdímù tí ọkọ̀ bá ti kún un. Ẹ̀yin ará Ìgàndó, ẹ kúrò lójú ọ̀nà àkìtàn ńlá yẹn tí èéfín bá ń rú níbẹ̀. Inú àdúgbò ni kí ẹ gbà. Ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa lọ ní méjì méjì, kí fóònù wà nílé tàbí lábẹ́ aṣọ. Lọ́jọ́ òjò, mo máa ń rìn yí inú ilé po, àwọn ọmọ sì máa ń ka ìyípo fún mi, wọ́n á sì tún rẹ́ mi jẹ.

Láti Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe tó kọjá, 20 Oṣù Kẹjọ, a ti ń rìn pa pọ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Awo kí a tó bọ. Iwájú ilé Ifá la ti ń gbéra ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Kọ́ńdọ̀ ọjọ́sí náà wà nínú wa. Ó ti ra dánfó tirẹ̀ ní ọdún yìí, ìdí ọkọ̀ ló ń jókòó báyìí; èmi ni mo lọ bá a ní gáréèjì, mo mú tépù ìwọ̀n dání, mo wọn ìbàdí rẹ̀ lójú gbogbo àwọn agbèrò, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n dúró kí òun wá wọn tèmi.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá dípò kó wọ kẹ̀kẹ́, a ní kó sọ owó kẹ̀kẹ́ náà sínú igbá kan tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fa ìlà tuntun sínú ìwé owó fún un, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ìrànlọ́wọ́ aláìsàn: "Owó ọkọ̀ tí a kò wọ̀." Títí di Ọjọ́ Awo tó kẹ́yìn, ₦41,300 ló ti wà níbẹ̀. A ti fẹnu kò pé ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ wa la ń kó o jọ fún, kó lè padà sí yunifásítì. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa gbọ́, ó ní òun náà yóò máa wá rìn, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ọkọ òun sílẹ̀. Mo ní kó mú un dání. Ó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu géètì. Ní Ọjọ́ Awo tó ń bọ̀, ẹnu géètì ọ̀hún ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.